Ẹ Má Fi Sìmẹ́ńtì Bò Mí

Ojú ewé kan péré ni Bàbá Kàfáyà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní kí n kọ. Ó ní kí n kọ ọjọ́ orí Bàbá Àgbà, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó fi sáyé lọ, kí n wá fi kún un pé ẹni jẹ́jẹ́ ni, tó fẹ́ràn gbogbo èèyàn. Ìwé ìrántí tí wọ́n fẹ́ pín níbi fìdáù ọjọ́ ogójì ni. Èmi ni mo ń fi kọ̀ǹpútà to ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, torí náà orí mi ni wọ́n dà á lé.

Mi ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Ẹni tó lè bá èèyàn yan odì fún oṣù mẹ́ta nítorí ìṣó kan ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn gbogbo èèyàn. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó fẹ́ràn ògiri, ó sì fẹ́ràn èmi náà díẹ̀. Ẹ má bínú pé mò ń kọ "ó" níbi tó yẹ kí n kọ "wọ́n" fún àgbà. Mo fẹ́ kó hàn gbangba pé òun ló ṣe ohun tó ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Kàfáyà ní Ladi-Lak. Wọ́n fẹ́ fi rẹ́ sàréè Bàbá Àgbà kí ọjọ́ ogójì tó pé, kí àlejò tó bá lọ síbẹ̀ lè rí i pé ọlọ́mọ ló kú. Bàbá Àgbà sì ti ní kí wọ́n má ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dákẹ́, ó pe èmi àti Bàbá Kàfáyà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ní: "Ẹ má fi sìmẹ́ńtì bò mí."

Bàbá Kàfáyà ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Mo fẹ́ sọ ìdí tí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ arúgbó, ìyẹn ò sì lè gba ojú ewé kan.

Ẹni tí kò bá mọ ilé oníbíríkì kò lè mọ Bàbá Àgbà, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín débẹ̀. Kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọjá ní òpópónà wa ní Ṣómólú kó tó di ọdún kẹta sí ìsinsìnyí yóò rántí rẹ̀. Àárín àwọn ilé búlọ́ọ̀kù ló wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ilẹ̀kùn ńlá mẹ́ta kọjú sí títì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké nísàlẹ̀ láti àárọ̀ títí di Mọ̀ngàríbì. Orí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Téèyàn bá wò ó láti inú, kò sí igi níbẹ̀, kò sí irin. Bíríkì ló ń ti bíríkì. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo bi Bàbá Àgbà pé kí ló dé tí wọn ò já lù wá. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní: "Gbogbo wọn ló fẹ́ ṣubú, Àdùkẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀kankan ṣubú."

Ilé náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Ṣómólú. Ìsàlẹ̀ Èkó ni bàbá bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, láyé Ọbabìnrin Fìtóríà, nígbà tó ń ta aṣọ fún àwọn ará òkè. Àwọn bíríkìlà Àgùdà, ọmọ àwọn tó ti oko ẹrú dé láti Bùràsíìlì, ló bá a kọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, òkè ni ibùgbé, ẹ̀yìn ni ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Bíríkì pupa ni wọ́n lò, wọ́n sì fi ẹfun tí wọ́n sun láti ara ìkarahun mọ ọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹfun yẹn sọ́kàn.

Ìtàn méjì ló wà nípa ibi tí bíríkì náà ti wá. Àwọn ẹbí tó fẹ́ràn fáàrí ní ọkọ̀ òkun ló kó o wá láti ìlú òyìnbó. Bàbá Àgbà ní irọ́ ni, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n ti sun ún. Ẹ̀rí rẹ̀ ni bíríkì kan nínú ilé, lẹ́bàá àtẹ̀gùn, tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tẹ̀ nígbà tí amọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kò sí àlejò tí kì í fi í hàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan sọ pé ewúrẹ́ wà nílùú òyìnbó náà. Bàbá Àgbà wò ó títí, ó ní: "Ewúrẹ́ tó bá wà lọ́hùn-ún, wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Tiwa nìkan ló ń rìn kiri lórí iṣẹ́ oníṣẹ́."

Nígbà tí ìjọba wó àdúgbò wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn tó kù kó ẹní àti ìkòkò, wọ́n lọ. Bàbá Bàbá Àgbà ní ilé òun ni òun máa kó. Bàbá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ bíríkìlà nígbà yẹn. Òun àti bàbá rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé láti òkè, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára bíríkì kọ̀ọ̀kan. Ẹfun ìkarahun tó wà láàárín wọn jọ̀wọ́ bíríkì láìjà, bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá kúrò lára ewé. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o gba orí ọ̀sà wá sí Ìlàjẹ ní Bàrígà, àwọn obìnrin sì rù ú láti etí omi dé Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti fi irú ẹfun kan náà tún un mọ. Àwọn apẹja ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti di ìgbín, wọ́n ń gbé ilé wọn kiri. Bàbá Àgbà ní bàbá òun dá wọn lóhùn láti inú ọkọ̀ pé: "Ìgbín kì í sanwó ilé."

Ẹ ti rí i pé kì í ṣe ilé lásán.

Bàbá Àgbà kì í kí ènìyàn láàárọ̀ kó tó kí ògiri. Bó bá ti kírun tán, ó máa sọ̀ kalẹ̀ látòkè, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ẹ̀gbẹ́ tó wà lápá ọ̀tún, á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà á fi ìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, á lá ìka náà. Àwọn ayálégbé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Bàbá Oníbíríkì ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Èmi náà máa ń ṣe bíi tirẹ̀ láti pa àwọn ọmọ ìyá mi lẹ́rìn-ín. Iyọ̀ ni mo máa ń tọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ògiri yín ti níyọ̀ jù," mo retí pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀," ó sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìṣó wá ńkọ́? Alàgbà kan wà lára àwọn ayálégbé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, oníjọ Onítẹ̀bọmi, ẹ̀rọ rẹ̀ méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù àárín. Ó kan ìṣó mọ́ ògiri láti fi kọ́ kàlẹ́ńdà tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀. Bàbá Àgbà yọ ìṣó náà, ó fi bébà wé e, ó gbé e lọ fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kàn án mọ́ orí yín, Alàgbà, kí ẹ wá sọ fún mi bó ṣe rí." Oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi kí ara wọn. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, Alàgbà lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ojú ilẹ̀kùn, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni ó máa ń fi yíǹkì aláwọ̀ ewé tẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Ohun tí mo ń bi ara mi báyìí ni pé ẹni tí ìṣó kan dùn tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe ń mú iyọ̀ ògiri yẹn mọ́ra láràárọ̀.

Ó mú un mọ́ra nítorí òun ló fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, lẹ́yìn tí ilé ti wó, níbi tí a jókòó sí láàárín àfọ́kù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé Bàbá Kàfáyà.

Ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Àlàájà, lọ sí Mẹ́kà. Ayé sìmẹ́ńtì ni ayé yẹn. Ọkọ̀ òkun tó kó o wá pọ̀ lójú omi débi pé wọ́n ń tò dúró. Gbogbo ẹni tó rí já jẹ ń rẹ́ ilé rẹ̀, wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà, ẹni tó bá fi bíríkì pupa sílẹ̀ gbọlọjọ, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó jáde láìwọ ẹ̀wù. Bàbá Àgbà ti di ọ̀gá bíríkìlà, òun ló ń rẹ́ ilé fún àwọn ẹlòmíràn. Ó ní, "Mi ò lè jẹ́ kí ìyá mi ti Mẹ́kà dé, kó wá bá ògiri tó ń họ pupa sí i láṣọ."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rẹ́ ẹ, iwájú àti ẹ̀gbẹ́, òun nìkan. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní òun kò tíì rẹ́ ògiri tó dán tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi okùn fà á ní ìlà kí ó dà bí òkúta gbígbẹ́, ó kùn ún ní funfun, ó fi àwọ̀ ewé sí etí fèrèsé. Nígbà tí Ìyá Àlàájà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tó rí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ògiri náà, ó sunkún. Ó ní: "O ti daṣọ bò mí."

Mo bi í pé kí ló burú níbẹ̀. Ó mú bíríkì kan tó ti ha sìmẹ́ńtì kúrò lára rẹ̀, ó da omi ife kan sí i lórí, omi náà sì wọlé lọ bí ẹni pé òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé bíríkì yẹn rọ̀, ẹfun tó mú un pọ̀ náà rọ̀. Omi ilẹ̀ Ṣómólú kò jìnnà, ó ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń gba ojú bíríkì jáde sínú afẹ́fẹ́. Báyìí náà ló ṣe ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Sìmẹ́ńtì le, kì í jẹ́ kí omi kọjá. Omi tó wọlé kò rọ́nà jáde mọ́, ó jókòó sínú ògiri, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń jẹ bíríkì lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà funfun. Ó ní: "Ògiri ń mí, Àdùkẹ́. Imú rẹ̀ ni mo dí, nítorí àtidùn mọ́ ìyá mi nínú."

Ìgbà tó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà ló mọ̀. Ó ha igun kan ní ìpẹ̀kun ògiri ẹ̀gbẹ́, sìmẹ́ńtì náà ṣí, ṣùgbọ́n ó bó ojú bíríkì dání bí ìgbà tí èèyàn bá fa báńdéèjì kúrò lójú egbò tútù. Bó bá ha gbogbo rẹ̀, ilé á wó. Bó bá fi í sílẹ̀, ilé á wó, ṣùgbọ́n bóyá lẹ́yìn tí òun bá ti lọ. Ìyá Àlàájà ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ó padà rẹ́ igun náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ìka láràárọ̀. Kò sọ fún ẹnì kan.

Mo fẹ́ràn Bàbá Àgbà, mo sì bínú sí i títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò sọ fún ayálégbé kankan. Kò sọ fún Ìyá Tóyìn.

Ìyá Tóyìn ló ń bá àwọn onítẹ̀wé rán ìwé pọ̀. Ará Ìlàjẹ ni, lẹ́bàá ọ̀sà, ó sì ń jókòó sórí àpótí lọ́dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀tún yẹn gan-an nítorí ó máa ń tutù. Ó láyọ̀ ju gbogbo wa lọ. Ó máa ń sọ pé òun ti rán Kùránì, òun ti rán Bíbélì, òun ti rán ìwé orin, kò sí ọ̀nà tí Ọlọ́run fẹ́ gbà tí kò ní bá òwú òun pàdé. Bàbá Àgbà máa ń ní kó gbé àpótí rẹ̀ bọ́ sí iwájú. Ó máa ń dáhùn pé, "Bàbá, oòrùn wà níwájú." Ohun tó lè mú un dìde wà lẹ́nu Bàbá Àgbà, kò sọ ọ́.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún oòrùn yọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àlàásárì tán ni ògiri náà wó. Àwọn tó rí i ní sìmẹ́ńtì náà kò tiẹ̀ fọ́. Ó ṣí kúrò lódindi, ó dojú bolẹ̀ bí pákó, ohun tó sì tẹ̀ lé e láti inú kì í ṣe bíríkì mọ́, ìyẹ̀pẹ̀ pupa tútù ni. Mo sáré dé láti ilé iṣẹ́. Wọ́n ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ Ìyá Tóyìn ṣì wà nínú ìwé tó ń rán lọ́wọ́, òwú rẹ̀ gùn jáde. A wà á jáde, ó ti kú.

Ẹlẹ́bi wá wà nílẹ̀. Ìjẹta ọjọ́ náà ni bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Sẹ̀wánú, ará Àgbádárìgì, ti gbẹ́ gọ́tà fún onílé ẹ̀gbẹ́ wa, gọ́tà náà sì kọjá nítòsí ògiri. Àwọn ọlọ́pàá mú un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Gbogbo àdúgbò ní òun ló pa á. Ẹbí wa náà ní òun ni, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti sọ. Àlejò ni, kò lẹ́nìkan ní Ṣómólú, ilé wa tó dúró láti ayé Fìtóríà kò sì lè wó fúnra rẹ̀.

Bàbá Àgbà gbọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó ní òun ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá Kàfáyà dènà fún un ní ẹnu àtẹ̀gùn.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ sọ?"

"Ohun tí mo mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i. Tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ìjọba máa wó ilé yìí. Orúkọ wa máa bàjẹ́. Ilé kan ṣoṣo tí ẹ ní nìyí."

"Sẹ̀wánú ńkọ́? Ẹ̀mí mélòó ni tiẹ̀?"

Ó kọ̀ láti wọ kẹ̀kẹ́. Mo tẹ̀ lé e. Ó lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún nígbà yẹn, a sì dúró sinmi nígbà mẹ́fà lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé orí káńtà, ó ní kí wọ́n tú bíríkìlà náà sílẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi jàre, kéèsì ti wà nílẹ̀." Bàbá Àgbà jókòó sórí bẹ́ńṣì títí wọ́n fi ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà lọ, wọ́n tún lé e. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí n gbé abọ́ omi, bíríkì ẹ̀yìn ilé kan tí kò ní sìmẹ́ńtì lára, àti àfọ́kù ògiri dání. Ó da omi sí bíríkì náà, omi wọlé. Ó da á sí ojú sìmẹ́ńtì, omi sáré kúrò. Ó wá yí àfọ́kù náà padà, ó fi èékánná fá ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dà sílẹ̀ lórí káńtà wọn bí ẹ̀kuru. Ó ní: "Èmi ni mo pa ògiri yẹn, kó tó pa èèyàn."

Ọ̀gá wọn jáde, ó bi í bóyá ó mọ̀ pé òun lè wọ wàhálà. Ó ní wàhálà ti wọ òun láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n kọ ohun tó sọ sílẹ̀, wọ́n wo ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wọ́n tú Sẹ̀wánú sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú títì. Bàbá Àgbà kò dúró gba ìdọ̀bálẹ̀ náà. Ó ti ń lọ. Ìlàjẹ ló ń lọ.

Mi ò rí ohun tó burú tó ohun tí mo rí ní Ìlàjẹ rí. Tóyìn, ọmọ olóògbé, ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé wọn. Bàbá Àgbà fi ọ̀pá lélẹ̀, ó tẹ orúnkún méjèèjì, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ sórí yanrìn tútù níwájú ọmọbìnrin tó lè bí lọ́mọ-ọmọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Mẹ́kà títí dé orí iyọ̀. Tóyìn ń wò ó, èéfín ń kọjá lójú rẹ̀. Ó ní: "Ẹ dìde, Bàbá. Mi ò ní dárí jì yín lónìí."

Bàbá Àgbà ní, "Ó tọ́." Oṣooṣù ló ń padà lọ síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. Mi ò gbọ́ pé Tóyìn dárí jì í. Ní ọjọ́ ìsìnkú Bàbá Àgbà mo rí i ní òdìkejì títì, ó dúró títí wọ́n fi gbé òkú jáde, kò sì sọdá.

Ohun tí Bàbá Kàfáyà sọ ṣẹ. Ìjọba fa ìlà pupa sára ilé náà, ẹ̀rọ ńlá kan sì wó o láàárín ọjọ́ kan. Bàbá Àgbà kó wá sọ́dọ̀ Bàbá Kàfáyà ní Ladi-Lak. Àwọn ọmọ rẹ̀ kan kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní ó ta ẹbí nítorí àlejò. Sẹ̀wánú ló fi ọmọlanke kó àwọn bíríkì tó ṣì dára wá fún un, ó kó wọn jọ lẹ́yìnkùlé, kò sì gba nǹkan kan. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bàbá Àgbà ń ṣe. Ó ní irin pẹlẹbẹ kan tí ẹnu rẹ̀ mú, àti òòlù kékeré. Ó máa gbé bíríkì sórí itan, á máa ha sìmẹ́ńtì kúrò lára rẹ̀. Nígbà míì ọ̀kan á gba ọjọ́ méjì. Nígbà míì ojú bíríkì á bó, á gbé e sí ọ̀tọ̀, kò ní jẹun títí di alẹ́.

Ó kọ́ mi. Igun ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àárín, kí irin má baà wọ bíríkì lára. Sìmẹ́ńtì tó ti pẹ́ kì í jọ̀wọ́ ohun tó bá dì mú, àfi kó mú nǹkan lára rẹ̀ lọ. Mo bi í bóyá kò sí ìgbà tó rọrùn. Ó ní: "Èyí tí kò tíì pé ọjọ́ méje ṣì ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Bíríkì tó ha tán kò pé àádọ́ta. Ó kú lọ́wọ́ òwúrọ̀, lẹ́yìn Sùbúì, kò ṣàìsàn púpọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbá ilẹ̀ ibi tó máa ń jókòó sí, mo rí bíríkì ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ lórí àga rẹ̀. Ìdajì sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn rẹ̀ ti kúrò.

Nítorí náà nígbà tó ní kí ẹ má fi sìmẹ́ńtì bo òun, ọ̀rọ̀ arúgbó kọ́. Àfáà wa náà ti sọ pé sàréè kò nílò ọ̀ṣọ́, ẹ ní ayé ń wò wá. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo ló bẹ̀ yín ní nǹkan. Bàbá Kàfáyà, mo bẹ̀ yín, ẹ fún ẹlòmíràn ní àpò mẹ́rin yẹn.

Ibẹ̀ ni mo rò pé mo máa parí sí. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà, mo gbé e lọ sí Ladi-Lak ní àárọ̀ Sátidé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ṣófo. Àmì àpò sìmẹ́ńtì ló kù nílẹ̀. Bàbá Kàfáyà jókòó sórí àga Bàbá Àgbà, eérú sìmẹ́ńtì wà ní etí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní Sẹ̀wánú ni òun kọ́kọ́ bẹ̀ níṣẹ́ náà, Sẹ̀wánú kọ̀, ó ní ẹni tó yọ òun ti kìlọ̀ fún òun. Ó wá pe ẹlòmíràn. Ọjọ́rú ni wọ́n rẹ́ ẹ. Ó ní òun fúnra òun ló fi irin dán ojú rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo fẹ́ pariwo. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti sunkún.

"Ṣìkírá," ó ní, "mi ò lè jẹ́ kí bàbá mi sùn sínú yẹ̀pẹ̀ lásán. Mi ò lè ṣe é."

Mo gbé ìwé náà lé e lórí itan, mo wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, mo mú irin pẹlẹbẹ àti òòlù kékeré níbi tí Bàbá Àgbà fi wọ́n sí. Nígbà tí mo padà, ó ṣì ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Mo dúró. Mo rí i nígbà tó dé ibi Ìyá Àlàájà, torí ó da ìwé náà dé sórí itan, ó fi ọwọ́ bojú, ó tún gbé e padà. Ó kà á tán. Ó ká a, ó fi sí àpò ẹ̀wù. Ó ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀, Sátidé, ó sì na ọwọ́ sí mi, mo gbé irin náà fún un.

Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Láti igun, sà."